Ìtùnú A Máa Kan

Apá irin náà ti sún mọ́ ẹ̀yìn ọmọ tán kó tó fà sẹ́yìn. Iná orí ẹ̀rọ Alágbàtọ́, tó ti ń tàn bí ewé tútù, ṣàdédé pọ́n bí epo. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ padà sínú àpò rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti pa ọwọ́ dé," ni Nọ́ọ̀sì Tinúadé wí.

Olóyèdé wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òótọ́ ni. Àtẹ́lẹwọ́ tó yẹ kó là sílẹ̀ lórí ibùsùn, kí ọmọ lè dì í mú bó bá wù ú, ti ká mọ́ ìka ọmọ náà. Kò mọ ìgbà tí òun ṣe é. Ó tú ìka rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má bínú," ó wí.

"Èmi ò bínú, Bàbá. Ẹ̀rọ yìí ni kò mọ ẹ̀bẹ̀."

Wọ́n kọ òfin náà sára ògiri, lókè orí wọn, pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi tó ọwọ́ ènìyàn: ỌMỌ LÈ DI ÀGBÀ MÚ. ÀGBÀ KÒ GBỌDỌ̀ DI ỌMỌ MÚ. Kò di ìgbà tí Olóyèdé bá kà á kó tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti bí i kí òfin náà tó dé. Nígbà tiẹ̀, bí ọmọ bá kọ abẹ́rẹ́, àbúrò bàbá rẹ̀ a jókòó lé e lẹ́sẹ̀, àwọn méjì a di apá rẹ̀ mú, dókítà a gún un. Ó ti di arúgbó, síbẹ̀ bó bá gbọ́ òórùn sípíríìtì, ojú rẹ̀ a máa wá ilẹ̀kùn. Òfin náà dára. Òun náà wà lára àwọn tó dìbò fún un. Kò mọ̀ nígbà náà pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò máa wá ẹni tí yóò jókòó lé ọmọ ọmọ òun lẹ́sẹ̀.

Ìyùnadé ṣì wà nínú Alágbàtọ́. Ẹ̀rọ náà rí bí igbá ńlá tí wọ́n là sí méjì tí wọ́n sì fi lélẹ̀, inú rẹ̀ funfun, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin náà fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níbẹ̀, orí rẹ̀ dán, kò sí irun kankan. Ó ká bí ọ̀kùn, bí wọ́n ti kọ́ ọ: orúnkún mọ́ ikùn, àgbọ̀n mọ́ àyà, ẹ̀yìn síta. Ó ń sunkún láìpariwo. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, nítorí pé láti inú ara igbá náà, ewúrẹ́ kan ń ké jẹ́jẹ́.

Ewúrẹ́ rẹ̀ ni. Ọ̀gá ni orúkọ tí ó fún un.

"Ẹ jẹ́ kí ewúrẹ́ yẹn dákẹ́," ni Olóyèdé wí.

Nọ́ọ̀sì náà fọwọ́ kan ara ẹ̀rọ. Ọ̀gá dákẹ́.

"Ó ti kan, Bàbá."

"Mo rí i."

Kò sí ẹni tó ń mú ọmọ wá síbẹ̀ tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Ìtùnú a máa kan, bí ọbẹ̀ tí a kò gbé kaná. Èèyàn a gbé ohun tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn wá, Alágbàtọ́ a gbà á, a sọ ọ́ di ohùn, a sọ ọ́ di òórùn, a fi yí ọmọ ká, abẹ́rẹ́ a sì ti wọlé kí ọmọ tó mọ̀. Ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá yá, ọmọ a gbọ́n. A mọ̀ pé níbi tí ewúrẹ́ bá ti ń ké, abẹ́rẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kì í sì í fi ọgbọ́n náà sílẹ̀ sí ilé ìwòsàn. A gbé e lọ sílé.

Àgbàdo sísun ló kọ́kọ́ kan. Láti ìgbà náà, Olóyèdé kì í sun àgbàdo nínú ọgbà mọ́. Ohun tó tẹ̀ lé e ni ìró ìrì tó ń kán sínú ìkòkò láàárọ̀. Ó wá fi aṣọ bo ẹnu àwọn ìkòkò, kí omi má bàa dún. Báyìí, ó ní láti wá ẹni tí yóò gba Ọ̀gá.

"Òògùn oorun ńkọ́?" ó bèèrè. Ó mọ èsì rẹ̀.

"Ògiri ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, Bàbá. Àwọn tí òkúta fọ́ ní ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fún."

Kò bá a jiyàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mosúnmọ́lá, ìyá ọmọ yìí, wà ní Ògiri, níbi tí wọ́n ti ń to òkúta sí ojú òkun kó má bàa gun ilẹ̀ wá mọ́. Ilé kọ̀ọ̀kan, ènìyàn kan, ọdún kan. Bàbá ọmọ ló kọ́kọ́ lọ. Òkun kò dá a padà. Nígbà tó tún kan ilé wọn, Olóyèdé kó ẹrù ara rẹ̀, ó lọ síwájú àwọn aṣojú ìjọba. Wọ́n tẹ orúnkún rẹ̀ wò, wọ́n ní kí bàbá máa lọ sílé.

Bí Mosúnmọ́lá ti fẹ́ wọ ọkọ̀ ni ó fa bàbá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá, ẹ fún ẹ̀rọ yẹn ní ohunkóhun tó bá fẹ́. Ẹ má fún un ní oríkì ọmọ mi. Òun ni mo máa fi pè é tí mo bá dé."

"Mo gbọ́," Olóyèdé dá a lóhùn. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tí kò mọ̀ pé bó bá ti ní òun gbọ́, ó tán.

Nọ́ọ̀sì Tinúadé ti ń wo ojú rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, tó máa ń sọ̀rọ̀ wéré, bí ẹni tó ń dáná méjì pọ̀.

"Bàbá, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kọ̀ yìí. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, àyè rẹ̀ á kọjá sí ọmọ mìíràn. Ó di ìgbà tí òjò bá tán."

"Ṣé àrùn náà máa dúró de òjò?"

"Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kì í dúró. Orí ni yóò sá lọ. Òògùn tí à ń gbà lápá kì í dé orí. Ìdí tí a fi ń gba ẹ̀yìn nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Kí ló kù tí ọmọ náà fẹ́ràn?"

"Kò sí."

Ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò jọ ti ọkùnrin, kò jọ ti obìnrin, ó sì ní ìtẹríba. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ta ni Àwẹ̀ró?"

Olóyèdé wo ọmọ náà.

"Ọmọ náà fi orúkọ yẹn pe ara rẹ̀ nígbà tí apá mi ń bọ̀. Ó ní, 'Àwẹ̀ró kì í sunkún.' Ìbẹ̀rù rẹ̀ lọ sílẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Mi ò lè lò ó láìjẹ́ pé ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín lé mi."

Nọ́ọ̀sì náà yíjú sí i. "Oríkì rẹ̀ ni?"

"Oríkì rẹ̀ ni."

"Bàbá. Oríkì wà nílẹ̀, ẹ wá ń fa ewúrẹ́ kiri."

"Ìyá rẹ̀ ló ni ín."

Nọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi aṣọ nu ojú ọmọ. "Ẹ jáde síta díẹ̀, Bàbá. Kí òun náà mí. Kó tó di pé fèrè oòrùn kejì dún, mo ní láti mọ ohun tí a óò ṣe."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fèrè oòrùn àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dún ni. Àwọn fèrèsé ń tì fúnra wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ sì ń ṣókùnkùn bí inú ìkòkò. Títí ọjọ́ yóò fi rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà níta lábẹ́ oòrùn tó ń jóni. Ìyá Jọláadé jókòó sórí àga gígùn, ọmọkùnrin rẹ̀ ń sùn lórí itan rẹ̀. Òun àti Olóyèdé ti ń pàdé níbẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

"Ó kọ̀?" ni obìnrin náà bèèrè.

"Ó kọ̀."

"Kí lẹ gbé wá fún un?"

"Ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ kì í pẹ́ kó tó kan. Ẹyin díndín pẹ́ lọ́wọ́ tèmi. Orin ò pẹ́ rárá. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tán, mo ní kí bàbá rẹ̀ wọlé. Ẹni tí ọmọ yìí kì í jẹun bí kò bá sí lórí itan rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọkọ mi pẹ̀lú ti kan, Bàbá. Bí ọmọ bá ti gbúròó rẹ̀ báyìí, abẹ́ ibùsùn ló ń sá sí. Ọkọ mi ní kò burú, pé ó pẹ́ tí òun ti ń wá ìsinmi."

"Kò dùn ún?"

"Ó máa ń lọ sunkún lẹ́yìn ilé. Kò mọ̀ pé mo mọ̀."

Fèrèsé tó kẹ́yìn tì.

"Oríkì rẹ̀ ló kù," ni Olóyèdé wí. "Ìyá rẹ̀ ní kí n má fún ẹ̀rọ."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà ní Ògiri."

Obìnrin náà fọwọ́ kan àyà rẹ̀. "Kí òkun dá a padà."

"Àmín."

Ó ń fọwọ́ pa ọmọ rẹ̀ lórí, ó ń yẹra fún ibi tí ojú abẹ́rẹ́ wà. "Bàbá, ẹ má bínú sí mi, ọmọ yín ni mí. Ta ni à ń kì? Ṣé ọmọ tó wà láàyè kọ́?"

"À ń ki òkú pẹ̀lú."

"À ń kì í. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ ẹ."

Olóyèdé dìde. Ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹ̀rọ ìpè wà. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó sọ orúkọ ọmọ rẹ̀ àti ibi tó wà. Ohùn kan dáhùn, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti rẹ̀. "Inú omi ni àwọn yẹn wà, Bàbá. Ọjọ́ ìsinmi nìkan ni wọ́n ń gba ìpè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un."

Ó dúró níbẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ tó kúrú tó, tí kò sì ní jẹ́ irọ́.

"Bàbá rẹ ni," ó wí. "Mo ní kí n pè ọ́ ni."

Iṣẹ́ àwọ̀n ni ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Òun ló hun èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àwọ̀n tó ń gba ìrì lórí òkè ìlú wọn, èyí tí gbogbo ìlú ń mu omi rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn odò ti gbẹ. Bí àárín àwọ̀n bá ya, tí òwú tuntun kò sì sí, etí rẹ̀ ni à ń gé láti fi dí i. Ẹni tó ń hun àwọ̀n kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí àárín ló ń gba omi. Ṣùgbọ́n a kì í gé e títí. Ó ní ibi tí èèyàn máa dé, tí àwọ̀n kò ní ní etí mọ́, tí kò ní sí ibi tí a óò gbà so ó mọ́ igi.

Ó padà wọlé.

"Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀rọ náà pé mo gbà," ó wí.

Nọ́ọ̀sì náà kò rẹ́rìn-ín, ó kàn mí sílẹ̀ ni. "Ohùn ìyá rẹ̀ ni a óò lò. Ẹ̀rọ ti gbà á sílẹ̀ láti inú àwọn ìpè tó ń ṣe. Ohùn ìyá ló ń ṣiṣẹ́ jù."

"Rárá. Tèmi ni."

"Bàbá, ẹ má bínú, ohùn yín..."

"Ohùn mi dà bí ilẹ̀kùn tí kò ní epo. Mo mọ̀. Òun náà ni kí ẹ lò."

Obìnrin náà wò ó, ó wá yé e. Bí ohun tí wọ́n fẹ́ lò yìí bá máa kan, kó kan lẹ́nu arúgbó. Bóyá ó lè ṣì dùn lẹ́nu ìyá.

"Ó dáa, Bàbá," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ gbé ọwọ́ lé e."

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara igbá náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ara ènìyàn. Ilẹ̀kùn padé, ó ku àyè tí ọwọ́ ń gbà wọlé. Ó tẹ́ ọwọ́ kejì sílẹ̀ lórí ibùsùn, ó là á, ó sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ajá ẹlòmíràn. Ìyùnadé kò dì í mú.

Kò ki ọmọ náà rí. Ìyá rẹ̀ ló ń kì í, nídìí omi ìwẹ̀, lálaalẹ́. Òun a máa gbọ́ ọ láti ibi tó ti ń hun àwọ̀n. Ó la ẹnu.

"Àwẹ̀ró.
Ọmọ afàwọ̀n-gba-ìrì.
Òkè kò lódò, bàbá rẹ fi àwọ̀n gbé odò wálé.
Ọmọ ìkòkò kì í gbẹ nílé wọn.
Àwẹ̀ró, ẹni tí à ń wẹ̀ tí omi kì í kérora.
Bí òùngbẹ bá ń lọ, ó yà fún wa, kò wọlé."

Ọmọ náà dákẹ́. Ó ṣí etí. Ó fi ojú tó kún fún omi wò ó láti abẹ́ apá ara rẹ̀.

"Ẹ kò mọ̀ ọ́n kì," ó wí.

"Mò ń gbìyànjú."

"Màmá máa ń sọ pé 'ọmọ arẹ́rìn-ín-lójú-òjò.' Ẹ fò ó."

"Ọmọ arẹ́rìn-ín-lójú-òjò," ni Olóyèdé wí.

Ìyùnadé rẹ́rìn-ín. Iná orí igbá náà ti di ewé tútù, kò sì yẹ̀. Ọwọ́ kékeré kan wá, ó di ìka bàbá rẹ̀ àgbà mú.

"Ẹ tún un pè."

"Àwẹ̀ró."

"Èmi rèé."

"Àwẹ̀ró."

Apá irin sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, láìdún. Abẹ́rẹ́ wọlé.

Ọmọ náà kò pariwo. Ara rẹ̀ fò díẹ̀, ìka rẹ̀ le mọ́ ti bàbá. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó wò ó. Ó wò ó bí ẹni tó bá olè nínú ilé, tó wá rí i pé ẹni tí òun mọ̀ ni. Olóyèdé kò lè mójú kúrò. Ó ṣáà ń kì í lọ, nítorí pé òògùn kò tíì tán nínú abẹ́rẹ́, nítorí pé bó bá dákẹ́, iná lè pọ́n. Ó kì í dé ibi tó mọ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

"Ó ti tán," ni Nọ́ọ̀sì Tinúadé wí níkẹyìn. "Ó ti tán, Bàbá. Ẹ lè dákẹ́."

Ìyùnadé ti fi ìka rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, Ìyá Jọláadé gbé ojú sókè. "Ó wọlé?"

"Ó wọlé."

Kò bi í ní ohun tó fi sílẹ̀. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí àga, ó fi àyè sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì jókòó pọ̀ nínú òkùnkùn títí oòrùn fi rọ̀.

Nígbà tí àwọn fèrèsé ṣí, Olóyèdé pọn ọmọ náà sẹ́yìn, wọ́n wọ ọkọ̀ tó ń rìn lórí okùn gòkè lọ sílé. Lẹ́nu ọ̀nà, Ọ̀gá rí wọn, ó ké. Ìyùnadé fi ojú pamọ́ sí ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ àgbà. Olóyèdé fa ewúrẹ́ náà lọ sí ilé kejì, ó ní kí wọ́n bá òun mú un dání. Wọn kò bi í léèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀. Igbá omi kan ni ìlú fi àyè gba ọmọdé lọ́jọ́ kan. Ó gbé ọmọ náà sórí òkúta pẹlẹbẹ lẹ́yìn ilé, ó fi ọṣẹ pa á lára, ó yẹra fún ibi tí wọ́n lẹ nǹkan mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà kó ìfòfò ọṣẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fẹ́ ẹ. Ó dá ọ̀rọ̀ sọ díẹ̀, ó dá rẹ́rìn-ín. Olóyèdé ti pinnu pé òun kò ní sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti gbọ́ oríkì náà pọ̀ jù ní ìdí omi yẹn. Bí omi àkọ́kọ́ ti kan èjìká ọmọ náà, ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ kó tó mọ̀.

"Àwẹ̀ró."

Ìyùnadé dúró. Kò sunkún. Ó rọra gbé ìfòfò ọṣẹ náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí òkúta. Ó kọ ẹ̀yìn sí bàbá rẹ̀ àgbà, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó fa orúnkún mọ́ ikùn, ó fi àgbọ̀n mọ́ àyà, ó sì tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ síta fún un, bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ó ń dúró.

Olóyèdé di igbá omi mú.

"Kì í ṣe abẹ́rẹ́," ó wí. "Omi ni."

Ọmọ náà kò ṣí ara sílẹ̀. Olóyèdé fi ọwọ́ bu omi, ó dà á sí i lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, títí ọṣẹ fi kúrò. Ó fi aṣọ wé e bó ti ká, ó gbé e wọlé.

Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ nígbà tí òjò bá tán. Abẹ́rẹ́ mẹ́rin ló kù.